Ọmọ Mi Kọ̀ Láti Lọ sí Àgọ́ Ọlọ́pàá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Lọ́yà. Àkọ́bí mi ń tún fóònù ṣe níbí ní Kàbà. Lọ́dún 2020, àwọn ọlọ́pàá kan dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n tú fóònù rẹ̀ wò, wọ́n ní ọmọ yàhúù ni nítorí pé ó dirun. Ìgbà tó sanwó ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ní báyìí, olè ti gbé ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ fi ẹjọ́ sùn, ọmọ náà ní òun ò ní fẹsẹ̀ òun rìn lọ bá wọn láéláé. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́. Ta ni kí n gbè lẹ́yìn?
Ìyá aláṣọ, Kàbà

ÌDÁHÙN: Ọ̀kún o, ìyá. Ẹ bá mi sọ fún bàbá ọmọ yìí pé ìbínú ọmọ rẹ̀ kì í ṣe àfojúdi. Ọdún 1992 ni wọ́n dá SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá kan, sílẹ̀ nítorí àwọn adigunjalè. Nígbà tó yá, ọmọ tó bá gbé láptọ́ọ̀pù kọ́ apá ni wọ́n ń mú. Àwọn ọ̀dọ́ yọ síta lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá tú SARS ká ní ọjọ́ 11. Ọjọ́ 13 ni wọ́n kéde SWAT, ẹ̀ka tuntun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò SARS. Kí lẹ fẹ́ kí ọ̀dọ́ rò? Nígbà tó di ọjọ́ 20, àwọn ṣójà yìnbọn níbi tí wọ́n ti ń wọ́de ní Lẹ́kí. Àwọn ọlọ́pàá náà kú nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé e, ó sì dùn mí, nítorí ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n. Síbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ló máa tún ara wọn ṣe lójú àwọn ọmọ yìí.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá náà ti wá. Àwa tí à ń gba ọ̀nà Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀, ìbẹ̀rù ajínigbé ò jẹ́ ká lè sọ pé a ò fẹ́ ọlọ́pàá. Èmi alára, tí mo bá rí wọn lójú ọ̀nà lálẹ́, ọkàn mi máa ń balẹ̀ díẹ̀. Ọmọkùnrin tó dirun ò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lórí ọ̀kadà yìí, ẹ jẹ́ kó lọ, kó sì tètè lọ. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ọ̀kadà. Bí wọ́n bá fi jalè tàbí jí ènìyàn gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Àkọsílẹ̀ pé ó ti fẹjọ́ sùn ló máa gbà á sílẹ̀. Kó gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó kà á kó tó fọwọ́ sí i, kó sì kọ orúkọ ọlọ́pàá tó dá a lóhùn pamọ́.

Kí gbogbo ilé yín mọ èyí náà: Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ò fàyè gba kí wọ́n mú bàbá dípò ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò fàyè gba kí wọ́n tìtorí gbèsè lásán mú ènìyàn. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Bí wọ́n bá mú ènìyàn, tí kóòtù sì wà láàrin kìlómítà 40 síbẹ̀, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e dé iwájú adájọ́.

Kó má dá lọ. Bàbá rẹ̀ ni kó tẹ̀ lé e, kó jókòó tì í, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá béèrè owó bébà tàbí owó epo mọ́tò, kí wọ́n má bá wọn jà níbẹ̀. Kí ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti orúkọ ẹni náà ránṣẹ́ sí mi. Èmi yóò bá yín kọ̀wé sí ẹ̀ka Complaint Response Unit tí àwọn ọlọ́pàá dá sílẹ̀ fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.