Ẹ̀rọ mẹ́ta ń já papọ̀ lórí PROFIBUS: ẹ yẹ kébù wò kí ẹ tó ra káàdì mìíràn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. PROFIBUS DP, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ni a ń lò níbi iṣẹ́ wa, ní ìyára 1.5 Mbit/s. PLC (kọ̀ǹpútà tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ) wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́rìnlá sì tẹ̀ lé e lórí kébù kan ṣoṣo tó gùn tó mítà 160, àdírẹ́sì 3 títí dé 16. Dráìfù, ẹ̀rọ tó ń darí mọ́tò, ni èyí tó kẹ́yìn. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, 14, 15 àti 16 máa ń já kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà, iná BF (èyí tó ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní àléébù) á tàn, láìpẹ́ wọ́n á tún padà fúnra wọn. A ti pààrọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ẹ̀rọ méjì, ibi tó wà náà ló ṣì wà. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ dáwọ́ káàdì pípààrọ̀ dúró ná. Ohun tí ẹ kọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ibi tí ẹ máa wò. Mẹ́ta ló ń já, wọ́n ń já papọ̀, wọ́n sì tò tẹ̀ lé ara wọn lórí kébù. Ká ní ẹyọ kan ló ń já ni, a lè fura sí káàdì rẹ̀. Káàdì mẹ́ta kì í dédé ṣàárẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tún gbádùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò ni ọ̀nà: ihò ìjáde lára kọnẹ́tọ̀ (ẹnu tí kébù fi ń wọ ara ẹ̀rọ) 13, kébù láti 13 dé 14, ihò ìwọlé lára kọnẹ́tọ̀ 14, àti tẹmínétọ̀, ìyẹn rẹ́sísítọ̀ tó ń parí kébù, tó wà ní 16. Ẹnu ibẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹnì kan máa ń pa iná dráìfù 16. Tẹmínétọ̀ PROFIBUS kì í ṣe rẹ́sísítọ̀ kan lásán. Mẹ́ta ni wọ́n: 220 óòmù láàárín pín 3 àti pín 8 (irin tíńtínrín inú kọnẹ́tọ̀ ni wọ́n ń pè ní pín), 390 óòmù láti pín 3 lọ sí pín 6 tí 5 fóltì wà, àti 390 óòmù láti pín 8 lọ sí pín 5. Ẹ̀rọ tí kọnẹ́tọ̀ wà lára rẹ̀ ló ń fún un ní 5 fóltì yẹn. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀ lórí wáyà, àwọn rẹ́sísítọ̀ yìí ló ń di wáyà méjèèjì mú kí ìyàtọ̀ wọn dúró ní bíi 1.1 fóltì. Bí wọ́n bá pa dráìfù náà, tàbí tí bọ́tìnì pàjáwìrì bá gé iná rẹ̀, tẹmínétọ̀ iwájú nìkan ló kù tó ń dì í mú, 1.1 yẹn á sì wálẹ̀ sí bíi 0.6 fóltì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣì máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn, ṣùgbọ́n ariwo (ìdíwọ́ iná láti ara ẹ̀rọ mìíràn) díẹ̀ ti tó láti dà á rú. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n máa ń pa dráìfù yẹn lóòótọ́, ẹ ra tẹmínétọ̀ tó ń gba iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ fi í sí ìparí kébù. Bí iná rẹ̀ kò bá kú rí, ẹ ṣáà fi mítà wo pín 5 àti pín 6 ní ìpẹ̀kun méjèèjì: 4.75 sí 5.25 fóltì ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó wá kan iṣẹ́ mọ́tímítà. Ẹ gba àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró, ẹ pa iná gbogbo ẹ̀rọ, kí ẹ sì fa gbogbo kọnẹ́tọ̀ yọ kúrò lára ẹ̀rọ, ti PLC náà pẹ̀lú. Ẹ má tú wáyà inú kọnẹ́tọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé ẹyọ kan sára ẹ̀rọ, rẹ́sísítọ̀ inú ẹ̀rọ yẹn á dà pọ̀ mọ́ òǹkà, ẹ ó sì máa lé òjìji kiri. Súìṣì tẹmínétọ̀ ìpẹ̀kun méjèèjì wà ní ON, gbogbo ti àárín wà ní OFF. Ẹ wọn pín 3 sí pín 8 ní ẹ̀gbẹ́ PLC. Kébù irú A, èyí tó ní àwọ̀ elésè àlùkò, máa ń ní bíi 110 óòmù ní àlọ àti àbọ̀ fún kìlómítà kan. Mítà 160 tiyín á jẹ́ 17 sí 18 óòmù. Nítorí náà, kì í ṣe 110 gẹ́lẹ́ ni ẹ ó rí, bíi 114 ni.

Bí òǹkà bá jẹ́ 220, tẹmínétọ̀ kan ò sí lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kí wáyà kan ti já lọ́nà. Bí ó bá sún mọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti kan ara wọn. Bí kò bá sí òǹkà rárá, ẹ yẹ súìṣì wò kí ẹ tó pariwo. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: nínú púpọ̀ lára àwọn kọnẹ́tọ̀ yìí, bí súìṣì bá wà ní ON, ó máa ń gé kébù tó ń jáde kúrò pátápátá. Bí ẹnì kan bá ti ṣèèṣì tan súìṣì kan láàárín, ẹ̀gbẹ́ PLC á ṣì fún yín ní nǹkan bíi 110, ẹ ó sì rò pé ara kébù dá. Ẹ rìn lọ sí ìparí kejì kí ẹ tún un wọ̀n. Níbẹ̀ ni 220 á ti tú àṣírí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ máa wọ̀n, nígbà gbogbo.

Ìdánwò tó tẹ̀ lé e ló wúlò jù fún ọ̀rọ̀ tiyín, nítorí wáyà tó ń já tó sì ń padà lè dára lójú mítà. Ẹ sọ súìṣì méjèèjì di OFF. Ní ìparí, ẹ fi wáyà kékeré so pín 3 mọ́ pín 8. Ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ PLC: òǹkà yẹ kó jẹ́ 17 sí 18 óòmù. Bí ó bá jẹ́ 40, ẹnu kan wà tí kò di wáyà mú dáadáa, tàbí kébù mìíràn ni wọ́n fi so ó pọ̀ láàárín. Kí ẹnì kan wá dúró ti mítà, kí ẹnì kejì lọ bá kọnẹ́tọ̀ 13 àti 14, kó rọra mi kébù sókè sódò níbi tó ti wọ inú kọnẹ́tọ̀. Bí òǹkà bá fò, kódà bí ó jẹ́ óòmù mélòó kan, ẹ ti rí i.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ yọ wáyà kékeré yẹn kúrò láàárín méjèèjì, kí ẹ fi so pín 3 nìkan mọ́ shield ní ìparí. Shield ni àwọ̀n wáyà tó bo méjèèjì. Ní ẹ̀gbẹ́ PLC, pín 3 sí shield gbọ́dọ̀ fún yín ní òǹkà kékeré, pín 8 sí shield kò gbọdọ̀ fún yín ní nǹkan kan. Bí ó bá yí padà, wọ́n ti pa wáyà dà níbì kan. Bí méjèèjì bá dákẹ́, shield ti já.

Ẹ wá tú kọnẹ́tọ̀ 13 àti 14. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Wáyà aláwọ̀ ewé ni A, pín 8. Wáyà pupa ni B, pín 3. Wáyà gidi tó wà nínú kébù irú A jẹ́ ẹyọ bàbà kan, ó nípọn tó 0.64 mm, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ lára kọnẹ́tọ̀ yìí jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún irú wáyà bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi kébù oníwáyà wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ó lè dúró fún oṣù díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ẹ fi ìka fa wáyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọ̀ kúrò nínú ẹnu rẹ̀ ni ẹ ń wá. Ẹ wò ó bóyá ọ̀bẹ ti gé bàbà níbi tí wọ́n ti bó rọ́bà: ojú ọgbẹ́ tínrín ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbígbọ̀n ẹ̀rọ máa ń ṣẹ́ ẹ sí, rọ́bà á sì ṣì di méjèèjì mú kí wọ́n máa kan ara wọn kí wọ́n máa yà. Ẹ wo irun shield pẹ̀lú. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá yọ sórí wáyà pupa ti tó. Shield fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ sábẹ́ irin kọnẹ́tọ̀, kì í ṣe kí wọ́n ká a sẹ́yìn kí wọ́n fi téépù dì í. Ní 16, kébù gbọ́dọ̀ wà nínú ihò ìwọlé. Bí ó bá wà nínú ihò ìjáde tí súìṣì sì wà ní ON, ẹ̀rọ náà kò ní gbọ́ nǹkan kan rárá.

Bí gbogbo èyí bá dá tí wọ́n ṣì ń já, ẹ lo oscilloscope (scope), ẹ̀rọ tó ń ya bí fóltì ṣe ń lọ sókè sódò sójú gíláàsì. Ẹ fi próòbù kan sí pín 3, èkejì sí pín 8, kí ẹ jẹ́ kí scope yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì. Ẹ má fi ẹnu ẹ́ẹ̀tì próòbù sí èyíkéyìí nínú méjèèjì o! Scope tó ń lo iná ògiri á so wáyà yẹn mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró. Láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, ilà yẹ kó dúró sí bíi 1.1 fóltì. Igun sígínàlì yẹ kó mú. Bí igun bá ga fíofío kó tó wálẹ̀, kébù ò ní òpin, tẹmínétọ̀ ò ṣiṣẹ́. Bí ó bá rí róbótó, kébù tí kò yẹ ni tàbí ó gùn jù. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá kéré láàárín àwọn yòókù, ẹ̀rọ yẹn gan-an tàbí ẹnu rẹ̀ ni, níbí sì nìkan ni mo ti máa fọwọ́ sí i pé kí ẹ ronú káàdì.

Bí ẹ bá rí àtẹ̀gùn kékeré lẹ́yìn igun, gbohùngbohùn ni: sígínàlì lọ kan ibì kan tí kò rọgbọ, ó sì padà. Ẹ lè fi wá ibẹ̀. Sígínàlì máa ń gba nanosẹ́kọ́ǹdù 4 sí 5 fún mítà kan. Bí àtẹ̀gùn bá dé lẹ́yìn 400, àlọ àti àbọ̀ ló wà nínú rẹ̀. 200 ló fi lọ, ìyẹn mítà 40 sí 50 síbi tí ẹ dúró sí. Ní 1.5 Mbit/s, bíìtì kan jẹ́ bíi nanosẹ́kọ́ǹdù 667, ẹ̀rọ sì máa ń ka bíìtì ní nǹkan bí àárín rẹ̀. Gbohùngbohùn tó bá bọ́ sí àárín yẹn ló ń ṣèpalára, ìdí sì nìyí tí ẹ̀rọ tó ń já fi lè jìnnà sí ibi tí àléébù wà gan-an.

Ìdánwò kan wà tí kò náni ní nǹkan kan: ẹ sọ ìyára di 187.5 kbit/s fún wákàtí díẹ̀, bí iṣẹ́ bá lè fara dà á. Bí jíjá bá dá, gbohùngbohùn tàbí ẹ̀ka kébù ni ẹ ń bá jà. Bí kò bá dá, ẹnu tó dẹ̀ tàbí ariwo ni. Ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe. Ẹ kàn bo egbò náà ni. Gígùn kébù kọ́ ni wàhálà yín, nítorí 1.5 Mbit/s fàyè gba mítà 200, ẹ̀rọ yín kò sì tó 32 tí ọ̀nà kan lè gbà.

Ti ariwo, ẹ kọ àkókò tí wọ́n ń já sílẹ̀ kí ẹ fi wé ìgbà tí dráìfù ńlá ń gbéra. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ wo ibi tí kébù yìí ti ń bá kébù mọ́tò iná rìn. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ tó 20 cm ó kéré tán, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dábùú ara wọn níbi tí wọ́n bá ti gbọ́dọ̀ pàdé. Shield yẹ kó kan ẹ́ẹ̀tì ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí mítà oníẹnu-ẹ̀mú bá fi hàn pé iná ń gba inú shield kọjá, wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so pánẹ́ẹ̀lì pọ̀ ni kò tó. Òun ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má gé shield.

Àwọn káàdì méjì tí ẹ yọ, ẹ má jù wọ́n nù. Nígbà tí kébù bá ti dá, tí wákàtí iṣẹ́ kan gbáko ti kọjá tí iná BF ò tàn, ẹ dá wọn padà sójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe gan-an kí àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́.