Báwo ni àwọn tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n nítorí òṣèlú ṣe ń là á já?

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí láti Kúbwà, àpẹẹrẹ kan wà nítòsí wa: Wọlé Ṣóyínká, tí ìjọba Yakubu Gowon tì mọ́lé láti ọdún 1967 di 1969, inú àhámọ́ àdáwà ní Kàdúná ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Ìwà ipá inú ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ẹgba nìkan. Kí ènìyàn má rí ẹni bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi ìwé àti kálàmù dù ú, lójú tèmi, ó burú ju lílù lọ. Ṣóyínká wá ń po tàdáwà fúnra rẹ̀, ó ń fi í kọ̀wé sórí bébà ìnùdí, sórí páálí sìgá, àti sí àlàfo àárín ìlà àwọn ìwé tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó tún máa ń kọ oúnjẹ sílẹ̀ láti fi ta ko ohun tí wọ́n ń ṣe sí i.

Ọgbọ́n ìkẹyìn yìí léwu púpọ̀. Ní ẹ̀wọ̀n Maze ní Àríwá Ireland lọ́dún 1981, ọkùnrin 10 ni ebi irú rẹ̀ pa. Bobby Sands ló kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn ọjọ́ 66. Wọ́n ń fẹ́ kí ìjọba kà wọ́n sí ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú, kí wọ́n sì lè máa wọ aṣọ tiwọn.