Kí ni hit points túmọ̀ sí nínú eré ìtàn orí tábìlì?

Hit points, tí wọ́n máa ń ké kúrú sí HP, ni iye tó ń fi hàn bí ìyà tí ẹ̀dá ìtàn kan (ẹni inú ìtàn tí oníṣeré kan ń darí) lè fara dà ṣe pọ̀ tó kí ó tó ṣubú lójú ìjà. Bí wọ́n bá ṣá a, ẹni tó kọlù ú á ju dáìsì, wọn á sì yọ iye tó jáde kúrò lára HP rẹ̀. Jagunjagun tó ní 12, tí ọfà gba 5 lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku 7.

Ibi tó ti máa ń dàrú mọ́ni lójú ni pé HP kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara nìkan. Òfin eré Dungeons & Dragons ti ọdún 2014 ka okun ara àti ti ọkàn, ìfẹ́ láti wà láàyè, àti oríire mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ku HP 1 ṣì fi ń sáré, tó ń jà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ọfà yẹn lè má wọlé sí i lára rárá. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ha á létí ni, tí yíyẹ̀ ẹ́ sì tán an lókun.

Nínú òfin kan náà, HP 0 kì í sábà jẹ́ ikú lójú ẹsẹ̀, àyàfi bí ìyà náà bá pọ̀ kọjá ààlà. Ẹ̀dá ìtàn náà á dákú, ẹni tó ń ṣeré rẹ̀ á sì máa ju dáìsì olójú 20 nígbàkígbà tó bá kàn án. Bí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní kú mọ́. Bí ohun tí kò tó 10 bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú. Àwọn eré kan wà tí kò lo HP rárá.