Ṣé selenomethionine ń dènà jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè: Ẹnì kan tó ń ta oògùn ní selenomethionine ni ẹ̀yin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń ṣe pùròtéènì ní láàbù. Ó ní bí mo bá ń lo hóró mẹ́ta lójúmọ́, 200 máíkírógíráàmù lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹjẹrẹ prostéètì kò ní mú mi. Ẹni ọdún 61 ni mí. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ra ìkankan. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dé etí mi léraléra, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi orúkọ láàbù tajà.

Òótọ́ ni pé a ń lò ó, àmọ́ a kì í fi wo àrùn. Methionine, ọ̀kan lára àwọn ámínò ásíìdì tó wà nínú ẹyin àti ẹja, ní imí-ọjọ́ lára. Bí sẹ̀léníọ̀mù, èròjà kan tó jọ imí-ọjọ́, bá gba ipò imí-ọjọ́ yẹn, ó di selenomethionine. A ó fi bọ́ bakitéríà, bakitéríà á fi hun pùròtéènì wa. Átọ́ọ̀mù sẹ̀léníọ̀mù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 34, ti imí-ọjọ́ jẹ́ 16 péré, ìyẹn ni ẹ́síréè ṣe tètè ń rí i. Láti ọdún 1990 tí Hendrickson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ọ̀nà yìí jáde la ti ń fi mọ bí pùròtéènì ṣe ká jọ. Àmì ni, bí èyí tí ọdẹ ń ṣá sára igi kó má baà sọnù nínú igbó. Kò fún pùròtéènì lágbára kankan. Bakitéríà gan-an kì í fẹ́ràn rẹ̀: ìgò tí mo fi methionine sí á ti dà bí omi ògì, èyí tí mo fi selenomethionine sí á ṣì mọ́ gaara.

Ti jẹjẹrẹ ńkọ́? Wọ́n ti dán an wò. Ìwádìí SELECT bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001 ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Puerto Rico, ọkùnrin tó lé ní 35,000 ló kópa. Àwọn kan nínú wọn ń lo 200 máíkírógíráàmù sẹ̀léníọ̀mù lójúmọ́, nínú hóró selenomethionine. Lọ́dún 2008 wọ́n ní kí wọ́n dá hóró náà dúró, torí kò dènà jẹjẹrẹ prostéètì.

Hóró mẹ́ta yín jẹ́ 600. Ní Amẹ́ríkà, máíkírógíráàmù sẹ̀léníọ̀mù 55 ni wọ́n ní ó tó àgbàlagbà lóòjọ́. 400 ni kò gbọdọ̀ kọjá, toúnjẹ toògùn. Bó bá pọ̀ jù lára, irun á máa já, èékánná á máa kán, ẹnu á máa rùn bí aáyù láìjẹ aáyù.

Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì lè yẹ̀ yín wò láti ibi tí mo wà. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ dá a dúró lónìí, kí ẹ gbé ìgò náà lọ bá dókítà, kí ẹ sì bi í léèrè àyẹ̀wò prostéètì.