Ìyá àgbà kan fún mi ní ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà Búdà: ṣé kí n dá a padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ Òṣogbo ni mí, Japan ni mo ń gbé báyìí. Bàbá kan níbi iṣẹ́ wa ṣaláìsí. Ìyá àgbà tó múlé gbè mí wá fún mi ní ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan, ó ní kí n mú un dání lọ síbi ìsìnkú náà. Kristẹni ni mí. Ṣé òrìṣà ni? Ṣé kí n dá a padà?

Ìdáhùn: Má dá a padà o. Ìyá náà rí ọ bí àlejò tí kò lẹ́nìkan, kò fẹ́ kí ojú tì ọ́ láwùjọ ni.

Juzu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wọn kì í bọ ọ́, wọn kì í sì í fi ṣàyẹ̀wò. Mo mọ̀ pé ọmọ Òṣogbo tó bá rí ohun tí wọ́n sín pọ̀ báyìí, ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ìdè Ifá ọwọ́ babaláwo ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Tẹ̀sùbáà ọwọ́ àwọn ààfáà wa àti rósárì àwọn Àgùdà ló sún mọ́ ọn jù. Ilẹ̀ Íńdíà ni àṣà náà ti wá, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù náà sì ń lò ó títí dòní. Ẹyọ kan, àdúrà kan, kí ọkàn má baà ṣáko lọ. Lọ́dọ̀ àwọn ará Tibet, tí wọ́n bá ka ìlẹ̀kẹ̀ dé orí èyí tó tóbi jù, wọn kì í ré e kọjá. Wọ́n á yí i padà, wọ́n á máa kà á bọ̀.

Tẹ̀sùbáà máa ń jẹ́ ẹyọ 99 tàbí 33. Ti Búdà tó bá pé, 108 ni. Ní Japan, wọ́n ní 108 ni ohun tó ń da ọkàn èèyàn láàmú: ojúkòkòrò, ìbínú, àìmọ̀kan àti ọmọ ìyá wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tẹ́ńpìlì fi ń lu agogo ní ìgbà 108 lóru tí ọdún bá ń parí. O máa gbọ́ ọ tí o bá wà níbẹ̀ ní December. Èyí tí ìyá fún ọ kéré, ẹyọ rẹ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Kódà, ìjọ kan wà tó ń jẹ́ Jōdo Shinshū, wọn kì í fi tiwọn ka iye àdúrà rárá. Ìbọ̀wọ̀ fún Búdà Amida ni wọ́n fi ń mú un dání.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń mú un o. Mo mọ̀ pé àwa kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n á fi bu tùràrí sórí ẹyín iná níwájú àwòrán olóògbé, òsì ló sì ṣẹ́kù fún ìlẹ̀kẹ̀. Má gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tàbí orí àga. Má sì wọ̀ ọ́ sọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ oge.

Tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ kò bá gbà á, kò sí ẹni tó máa fi dandan mú ọ. Fi juzu sílé, má fọwọ́ kan tùràrí, tẹrí ba, gbàdúrà tìrẹ sínú. Wọ́n mọ̀ pé ẹlẹ́sìn mìíràn ń wá síbi ìsìnkú, mi ò sì rò pé ìyá yẹn máa bínú.

Ohun tí mo rò pé ó lè kó ọ sí wàhálà ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ ni aṣọ àti owó. Dúdú ni aṣọ, kò sí ankara, kò sí góòlù tó ń dán. Owó tí o máa fi sínú àpòòwé fún ẹbí olóògbé, má wá owó tuntun kiri bí ẹni tó ń lọ náwó lóde ìnáwó. Lójú tiwọn, ẹni tó mú owó tuntun wá ti ń múra sílẹ̀ de ikú náà. Owó tí wọ́n ti ná ni kí o fi sí i. Tó bá jẹ́ tuntun nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ, ká a lẹ́ẹ̀kan kó lè ní ojú ìkápọ̀.