Kí ẹ tó ní ọmọ yẹn ò mọ ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ẹ ní kíláàsì kejì ni wọ́n fún yín l'Ágbádárìgì, ẹ ní àwọn ọmọ Ẹ̀gùn àti Hausa tí ò gbọ́ Yorùbá dáadáa ń gba òdo, ṣé kí ẹ kó wọn jókòó sọ́tọ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo ti ṣe é rí n'Íbàdàn, ó ṣì ń dùn mí.

Mo pe márùndínláàádọ́ta fún wọn láti kọ. Ọmọ Hausa kan kọ 55. Mo fagi lé e, mo ní kó lọ jókòó sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Ìgbà tó yá, mo lọ ra àlùbọ́sà nísọ̀ bàbá rẹ̀, òun ló tà fún mi. Ọjà 350 náírà, mo fún un ní 500. Kíá ló ti ka 150 sí mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe 45 nílé wọn. Ó ní "arba'in da biyar", ogójì àti márùn-ún, bí a ṣe ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Yorùbá tiwa ń yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Ó gbọ́ márùn-ún, ó gbọ́ àádọ́ta, ó ro wọ́n pọ̀. Ìṣirò tó ṣe ò ṣì!

Láti ọjọ́ náà, ìgbálẹ̀ ni mo ń lò. Ìdì mẹ́rin, mẹ́wàá-mẹ́wàá, àti ẹyọ márùn-ún. Oníkálukú á pè é lédè ilé rẹ̀ ká tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, a ó to ìdì márùn-ún, a ó yọ ẹyọ márùn-ún kúrò. Àwọn ọmọ Yorùbá pàápàá, tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n há orúkọ yẹn sórí, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí "dín" ń ṣe níbẹ̀.

Ní ti ìwé kíkà, Hausa ò ní ìró "p". Tí ọmọ Hausa bá ka "pátákó" sí "fátákó", ẹ ní kó fọwọ́ kan pátákó náà. Tó bá fọwọ́ kàn án, ó ti kà á nìyẹn. Ẹ má gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ahọ́n.

Èmi náà ò gbọ́ Hausa nígbà yẹn, mègádì ilé ìwé wa ló kọ́ mi láti oókan dé ọgọ́rùn-ún. Ẹ ò ní wá ẹni tí yóò kọ́ yín ní ti Ẹ̀gùn tì níbẹ̀ yẹn. Lọ́la, ẹ pe ọmọ tó ń gba òdo jù wá sídìí tábìlì yín, ẹ kó ìgbálẹ̀ fún un, kó kà á sí yín létí lédè ìyá rẹ̀.