Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ríra oko màlúù etí odò pẹ̀lú ẹja àti ẹran ìgbẹ́ inú rẹ̀

Ìbéèrè: Àáfà wa, as-salaamu alaykum. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ da owó pọ̀ lọ́gbọọgba láti ra oko màlúù kan tí ó wà ní etí odò. Màlúù 64 ni ó wà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì lóyún. Nínú ìwé àdéhùn tí ẹni tí ó ni ín fi ránṣẹ́ sí wa, ó ní iye tí òun dá lé e kó ilẹ̀, màlúù, oyún inú wọn, ẹja inú odò àti ẹran inú igbó pọ̀, nítorí pé àwọn àlejò máa ń sanwó láti wá ṣọdẹ àti láti wá pẹja níbẹ̀. Ṣé òwò yìí tọ́ ní ìlànà ẹ̀sìn? Báwo ni a ó sì ṣe máa yọ sàká rẹ̀?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad. Hàláàlì ni ríra oko màlúù, kò sì sí ohun tí ó burú nínú kí ó wà létí odò tàbí kí ẹran pọ̀ nínú igbó rẹ̀. Ìwé àdéhùn yẹn gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ ti ka ohun tí kò ní mọ́ ohun tí ó ní.

Ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, màlúù tí ẹ lè dúró kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan náà sì jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tí ń ṣàn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni títí ọwọ́ tàbí àwọ̀n yóò fi tẹ̀ ẹ́, ẹtu tí ó sì wá mumi ní ìdájí lè ti wọ oko ẹlòmíràn kí oòrùn tó yọ. Imaamu Muslim, ẹni tí ó kó hadisi jọ, gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra, saabe Ànábì, pé Ànábì kọ òwò ohun tí kò dájú fún wa, ó sì ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń fi ẹja inú omi àti ẹyẹ ojú òfurufú ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ ni ẹja inú adágún kékeré tí ó ní olówó, tí ojú ń rí ẹja inú rẹ̀, tí a sì lè kó o láìsí wàhálà.

Ti oyún náà fara jọ ọ́. Ẹ ra abo màlúù bí ẹ ti rí i, oyún rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe dá iye lé oyún lọ́tọ̀. Imaamu Maliki kò tilẹ̀ gbà kí olùtà sọ pé òun ta ìyá ṣùgbọ́n oyún inú rẹ̀ ṣì jẹ́ tòun.

Nítorí náà, ẹ ní kí ó tún ìwé náà kọ, kí iye owó dúró lórí ilẹ̀, ilé, ọgbà àti màlúù nìkan. Bí ilẹ̀ náà bá wọ́n ju òmíràn lọ nítorí pé odò wà nítòsí rẹ̀, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan, ara ìwà ilẹ̀ ni ibi tí ó wà. Bákan náà ni ẹ lè gba owó ibùsùn, owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ẹni tí ń fi ọ̀nà han àlejò. Èyí tí kò tọ́ ni kí ẹ sọ fún àlejò pé, “San iye báyìí, ohunkóhun tí àwọ̀n bá gbé jáde ní jíjù ẹ̀ẹ̀kan yìí jẹ́ tìrẹ.” Ó lè fa ẹja ogún, ó sì lè jẹ́ ewé àti ẹrẹ̀ lásán.

Omi odò náà kò di tiyín pẹ̀lú. Nígbà tí Zubayr, ọ̀kan nínú àwọn saabe Ànábì, àti ará Madina kan ń jà lórí omi tí wọ́n fi ń rin oko, Ànábì pàṣẹ pé kí Zubayr bomi rin oko tirẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí omi náà ṣàn lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màlúù yín mu, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dí i mọ́ ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀.

Ní ti ọdẹ, kí ẹni tí ó ń yìnbọn dárúkọ Ọlọ́hun kí ó tó yìn ín, bí ó bá sì bá ẹran náà láàyè, kí ó dú u. Létí odò, ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ máa kìlọ̀ fún àwọn àlejò yín. Ká ní ẹnì kan yìnbọn fún pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́, ó já sínú omi, nígbà tí wọ́n fi máa gbé e jáde, ìyẹ́ rẹ̀ ti rin gbingbin, ó sì ti kú. Ànábì sọ fún Adiyyu ọmọ Hatim, saabe rẹ̀ tí ó ń ṣọdẹ, pé kí ó má ṣe jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò mọ̀ bóyá omi ni ó pa á tàbí ọfà rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fi kún un pé bí ọgbẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí kì í jẹ́ kí ẹran yè, bí ẹni pé orí ti fọ́, jíjẹ rẹ̀ kò ní ìdíwọ́. Ẹja kò nílò dídú rárá. Ọdẹ tí kò fẹ́ jẹ ẹran, tí kò sì fẹ́ tà á, àfi kí ó pa á kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, èmi kò ní gba owó rẹ̀, nítorí pé Ànábì kọ̀ kí á fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe ohun àfojúsùn ìbọn tàbí ọfà lásán.

Ó ku sàká. Màlúù 30 ni ó kéré jù tí sàká fi ń wọlé, tabii kan sì ni ti 30, èyíinì ni ọmọ màlúù tí ó ti pé ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti túmọ̀ rẹ̀. Musinna kan, tí ó ti pé ọdún méjì, ni ti 40. Tabii méjì ni ti 60. Bí ẹ bá jọ ni màlúù 64, tí ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 32, tabii kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó yọ, mẹ́rin tí ó lé lórí 60 kò ní nǹkan kan lórí títí gbogbo màlúù náà yóò fi di 70. Ọjọ́ tí ẹ rà á ni ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a sì máa ń ka ọmọ tí wọ́n bá bí láàrin ọdún mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kò sí sàká lórí màlúù tí a ń ra oúnjẹ fún ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, ṣùgbọ́n Imaamu Maliki kò fi ìyẹn ṣe àyẹ̀wò, tirẹ̀ sì ni mo fara mọ́, nítorí náà kí ẹ yọ ọ́ bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹ koríko tí ẹ rà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ rà wọ́n láti tún wọn tà ni, iye owó wọn ni ẹ ó ṣírò, 2.5 nínú 100 ni ẹ ó sì yọ. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.